Páìpù omi inú ilẹ̀ tó ń lu lójú kan ṣoṣo: ṣé iná ló ń jẹ ẹ́?

Omi_Òde (Ìjẹ̀bú-Òde)

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá. Páìpù galvanised (irin tí wọ́n fi síńkì bò) ínǹṣì 1 kan ló gbé omi láti orí bóhóòlù wá sí ìdí táǹkì ilé, ní Ìjẹ̀bú-Òde níbí. Gígùn rẹ̀ jẹ́ mítà 28, inú ilẹ̀ pupa ló wà, ó jìn tó sẹ̀ǹtímítà 45. Láti ìdí bóhóòlù dé nǹkan bíi mítà 25, kò sí ohun tó ṣe é. Mítà 3 tó kù, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri ilé, ló máa ń lu. Ihò kéékèèké ni, àfi bíi pé wọ́n fi ìṣó lu ú. Wọ́n pààrọ̀ apá ibẹ̀, èyí tuntun náà tún ti lu.

Ohun tó wà nítòsí: ọ̀pá ẹ́ẹ̀tì oníbàbà tó gùn ní mítà 1.2 wà ní nǹkan bíi mítà 2 sí ibi tó ń lu yìí, wáyà ẹ́ẹ̀tì ilé sì so mọ́ páìpù náà níbi tó ti wọlé. Sólà wà lórí òrùlé, pánẹ́ẹ̀lì 8 tí wọ́n so tẹ̀ léra, ìnfátà rẹ̀ kò ní tiransifọ́mà nínú. Ajórin kan ń ṣiṣẹ́ lẹ́yìn ọgbà. Wọ́n fi clamp meter (mítà tí wọ́n ń há mọ́ ara wáyà tàbí páìpù láti mọ iye iná tó ń gba inú rẹ̀) há páìpù náà nígbà tí iná NEPA wà, ó ka 1.8 A.

Púlọ́ńbà ní ilẹ̀ ibẹ̀ ni kò dáa. Oníṣẹ́ iná ní kí wọ́n já wáyà ẹ́ẹ̀tì kúrò lára páìpù, pé òun ló ń gbé iná wá jẹ ẹ́. Èwo ni ká gbà? Kí ló yẹ ká kọ́kọ́ yẹ̀ wò?

Iná_Ìkẹ́nnẹ́

Ẹ kú ìbéèrè o. Ṣáájú ohun gbogbo, ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni já wáyà ẹ́ẹ̀tì yẹn. Bí wáyà tó gbé iná bá ṣèèṣì kan páìpù, ọ̀nà wáyà ẹ́ẹ̀tì yìí ni iná ọ̀hún máa gbà kí bíréékà tó lè já. Tí ẹ bá já a, iná á jókòó sára páìpù, ọmọ tó bá fi ọwọ́ tútù di ẹnu ẹ̀rọ mú ló máa fara gbá a. Irú àmọ̀ràn yìí pọ̀ jù lágbègbè wa, ó sì léwu gan-an.

Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn kò mọ̀ ni pé iná kì í wọlẹ̀ kó parẹ́ síbẹ̀. Iná tó bá jáde láti ibì kan gbọ́dọ̀ padà síbi tó ti wá, ìbáà jẹ́ tiransifọ́mà àdúgbò, ìnfátà, tàbí ẹ̀rọ ajórin. Gbogbo ọ̀nà tó bá rí ló ń pín ara rẹ̀ gbà, èyí tó bá rọrùn jù ló sì ń gba jù. Páìpù irin tó nà gbọọrọ nínú ilẹ̀ rọ̀ ọ́ lọ́rùn ju erùpẹ̀ lọ, ìyẹn ló ṣe ń wọ inú rẹ̀. Ibi tó ti wọ páìpù kì í bàjẹ́. Kódà, ńṣe ló máa ń dáàbò bo irin níbẹ̀. Bó bá sì gba ara wáyà kúrò lára páìpù, kò ní mú nǹkan kan lọ. Ibi tó bá ti fi ara páìpù sílẹ̀ bọ́ sínú erùpẹ̀ tútù, níbẹ̀ ló ti ń bu irin lọ díẹ̀díẹ̀. Tí páìpù bá wá ń lu lójú kan ṣoṣo, ohun tó yẹ ká bi ara wa ni pé: kí ló wà nítòsí ibẹ̀ tí iná fẹ́ lọ bá?

Irú iná tó jẹ́ náà ṣe pàtàkì. Iná DC (èyí tó ń lọ sí ọ̀nà kan ṣoṣo, bíi ti bátìrì) tó tó 1 A, tó bá ń ti ara irin jáde sínú ilẹ̀ fún ọdún kan gbáko, á kó irin tó tó kílò 9.1 lọ. Tó bá jẹ́ bàbà, nǹkan bíi kílò 10.4. Tó bá jẹ́ òjé, nǹkan bíi kílò 34. Ẹ má sì wò ó pé 1 A pọ̀. Páìpù ínǹṣì 1 yín, tó bá jẹ́ class B (oníwọ̀n àárín), kò nípọn ju mìlímítà 3.2 lọ. Irin tó máa kúrò kí ihò tó fẹ̀ ní mìlímítà 5 tó lu já kò ju ìdajì gíráàmù lọ. 1 mA péré, tó bá gba ojú kan náà jáde láìpín ara rẹ̀, á ṣe iṣẹ́ yẹn ní nǹkan bí ogúnjọ́. Òótọ́ ni pé kì í sábà kóra jọ bẹ́ẹ̀, ó máa ń tàn ká, ṣùgbọ́n ẹ ti rí i bí ohun tó tó láti ba páìpù jẹ́ ṣe kéré tó.

AC kò rí bẹ́ẹ̀. Iná NEPA ń yí ọ̀nà padà nígbà 50 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, lọ àti bọ̀. Irin tó bá kúrò nígbà tó ń lọ, èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ ń padà nígbà tó ń bọ̀. Lára irin, ohun tí AC ń jẹ kì í sábà tó ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún ohun tí DC kan náà máa jẹ. Fún ìdí yìí, 1.8 A tí ẹ kà yẹn kọ́ ni mo fi ń sọ pé ó lu páìpù. Ṣùgbọ́n kò yẹ kó wà níbẹ̀ rárá. Àmì ni pé néútírà (wáyà tí iná ń gbà padà) ibì kan ti tú tàbí ti já, ó sì lè jẹ́ pé aládùúgbò kan ló ń fi páìpù tàbí ẹ́ẹ̀tì ṣe néútírà, bí àwọn kan ṣe máa ń ṣe nígbà tí néútírà òpó bá bàjẹ́. Ẹ pa bíréékà àgbà ilé yín, kí ẹ tún fi clamp há páìpù. Tó bá lọ sí òdo, ilé yín ni ẹjọ́ wà. Tó bá ṣì ń ka, ìta ló ti ń wá, iléeṣẹ́ iná ni kí ẹ ké sí kí wọ́n wá yẹ ìsopọ̀ néútírà òpó àti ti mítà wò. Ẹ má gun òpó fúnra yín.

Ẹ sọ fún púlọ́ńbà pé tó bá fẹ́ gé páìpù náà nígbà tí iná yẹn ṣì ń gba inú rẹ̀, kó kọ́kọ́ há wáyà 16 mm² láti apá kan sí apá kejì ibi tó fẹ́ gé, kó fi sáńpépà ha ojú irin méjèèjì mọ́ kó tó há a. Láìṣe bẹ́ẹ̀, bó ṣe ń gé e tán báyìí ni gbogbo fóltéèjì máa dúró láàárín apá méjèèjì, ọwọ́ rẹ̀ ọ̀tún á sì wà lára ọ̀kan, tòsì lára èkejì.

Etídò_Àbígí

Gbogbo ohun tí ẹ̀gbọ́n sọ dáa, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ̀ bóyá láti inú ni ihò ti bẹ̀rẹ̀ tàbí láti ìta. Omi bóhóòlù ilẹ̀ oníyanrìn ní ìhà gúúsù wa níbí máa ń kan, pH rẹ̀ (ìwọ̀n kíkan omi; bó bá ṣe kéré sí 7 tó ni omi ṣe kan tó) lè wà lábẹ́ 6.5, omi bẹ́ẹ̀ sì ń jẹ síńkì inú páìpù galvanised láìsí iná kankan. Ẹ gé àjákù páìpù tó lu, kí ẹ là á sí méjì ní gígùn, kí ẹ fi omi fọ̀ ọ́. Ihò tó fẹ̀ nínú tó sì tín-ín-rín níta, omi ló jẹ ẹ́. Èyí tó fẹ̀ níta tó tín-ín-rín nínú, láti inú ilẹ̀ ló ti wá.

Tó bá jẹ́ láti ìta, ẹ wo ojú ihò dáadáa kí ẹ tó fọ̀ ọ́. Èyí tí iná DC bá jẹ máa ń mọ́ tónítóní, etí rẹ̀ á dán, ìpáàrà kì í pọ̀ níbẹ̀, ó sì sábà máa ń wà ní ẹ̀gbẹ́ kan páìpù, ẹ̀gbẹ́ tó kọjú sí ibi tí iná ń lọ. Tí ibẹ̀ bá dúdú tó sì ń rùn bí ẹyin tó ti bàjẹ́, àwọn kòkòrò àìfojúrí inú ẹrẹ̀ ló wà nídìí rẹ̀. Lápá Waterside wa níbí, tí ilẹ̀ máa ń tutù tọ̀sántòru, irú èyí ni a ń rí jù. Ẹ̀yin tó wà lórí ilẹ̀ pupa, kò wọ́pọ̀ lọ́dọ̀ yín.

Wáyà_Ìgbó (Ìjẹ̀bú-Igbó)

Ẹ kú làálàá. Clamp meter tí ẹ lò yẹn, ṣé ó lè ka DC? Èyí tó pọ̀ jù lọ́jà, AC nìkan ló ń kà. Tí ẹ kò bá rí DC A lójú bọ́tìnì rẹ̀, DC lè máa gba inú páìpù kó má sì fi nǹkan kan hàn. Ẹ wá èyí tó ń ka méjèèjì, kí ẹ sì tẹ zero kí ẹ tó há a.

Ohun tó máa fi ojú ọ̀rọ̀ yìí hàn jù ni half-cell, ohun èlò kékeré tí a fi ń wọn fóltéèjì tó wà láàárín páìpù àti ilẹ̀. Ẹ lè ṣe é fúnra yín. Ẹ gé páìpù PVC tínínrín tó gùn tó sẹ̀ǹtímítà 15. Ẹ fi igi rírọ̀ tó lè fa omi dí ìdí rẹ̀, kó há dáadáa. Ẹ bọ́ ara wáyà bàbà 16 mm² tó gùn bíi sẹ̀ǹtímítà 20, ẹ ha á títí á fi dán. Ẹ wá kọ́pà sọ́fétì, òkúta búlúù tí àwọn olóko kòkó máa ń pò mọ́ láìmù láti fi wọ́n igi nítorí èso tó ń dúdú. Ẹ pò ó mọ́ omi bátìrì tí kò ní ásíìdì títí tí òkúta náà kò fi ní yọ́ mọ́, kí díẹ̀ ṣẹ́kù ní ìsàlẹ̀. Ẹ̀rí pé omi náà ti kún fún un nìyẹn, tí kò bá sí ìṣẹ́kù yìí, ẹ kò ní lè gbára lé ohun tí mítà bá kà. Ẹ dà á sínú PVC, ẹ ti bàbà bọ̀ ọ́, ẹ dí ẹnu rẹ̀ kí bàbà yọ síta. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́, májèlé ni, ẹ má sì dà á sí ìdí bóhóòlù.

Ẹ fi okùn dúdú mítà, èyí tó wà lójú COM, sára bàbà, ẹ fi okùn pupa sára páìpù níbi tí ẹ ti ha á mọ́. Ẹ ṣí mítà sí DC V. Ẹ bu omi sí ilẹ̀ lókè páìpù, ẹ fi ìdí onígi gúnlẹ̀ níbẹ̀, kí ẹ kà á. Mítà 2 mítà 2 ni kí ẹ máa kà á láti ìdí bóhóòlù dé ara ògiri. Ohun tí ẹ máa rí ló máa ní àmì ìyọkúrò níwájú. Irin àtijọ́ nínú ilẹ̀ máa ń wà ní −0.5 sí −0.6 V. Galvanised tuntun, bíi −1.0 sí −1.1 V. Bàbà fúnra rẹ̀, nǹkan bíi −0.2 V. Irin inú kankéré, −0.1 sí −0.3 V. Irin tí wọ́n bá dáàbò bò dáadáa, −0.85 V tàbí kó tún lọ sísàlẹ̀ ju bẹ́ẹ̀.

Lẹ́yìn èyí, ẹ fi half-cell sílẹ̀ níbi tó ń lu, kí ẹ máa pa nǹkan lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ wo ohun tó kà lọ́sàn-án gangan àti lẹ́yìn tí oòrùn wọ̀. Tó bá yàtọ̀ gan-an, sólà ni ẹ máa mú. Ẹ wò ó nígbà tí ajórin ń jórin àti nígbà tó dáwọ́ dúró. Ìgbà tí iye yẹn bá súnmọ́ òdo lójú ibẹ̀, ìgbà náà ni iná ń ti ibẹ̀ jáde.

Ní ti sólà: ẹ pa ìnfátà, ẹ pa ìdábùú DC (súìsì tó ń já iná pánẹ́ẹ̀lì), kí ẹ tó yọ ẹnu MC4 (ìsopọ̀ wáyà pánẹ́ẹ̀lì). Ẹ má yọ ọ́ nígbà tí iná ń gba inú rẹ̀, iná á bẹ́ lójú yín. Bí pánẹ́ẹ̀lì kan bá jẹ́ 49 V, 8 tẹ̀ léra jẹ́ 392 V, ó sì lè pa èèyàn. Oníṣẹ́ iná tó mọṣẹ́ ni kó ṣe é. Kó wọn pósítíìfù sí ẹ́ẹ̀tì, kó wọn nẹ́gátíìfù sí ẹ́ẹ̀tì. Tí kò bá sí àléébù, méjèèjì á rọra máa sọ̀ kalẹ̀ lọ sí òdo. Tí wọ́n bá dúró gbọin, ó ti kan irin níbì kan, iye tí ẹ rí á sì júwe ibẹ̀ fún yín. Tí pósítíìfù bá jẹ́ 294 V, tí nẹ́gátíìfù jẹ́ −98 V, àárín pánẹ́ẹ̀lì kejì sí ìkẹta láti apá nẹ́gátíìfù ni wáyà ti bó. Lábẹ́ fírémù ni kí ẹ kọ́kọ́ wò, níbi tí wáyà ti ń fara gbo etí irin.

Ìnfátà tí kò ní tiransifọ́mà ni ọ̀rọ̀ yìí kàn jù, nítorí pé kò sí ohun tó ya apá sólà sọ́tọ̀ kúrò lára iná NEPA. Wáyà bíbó kan ṣoṣo ti tó kí DC rí ọ̀nà padà sílé. Ẹ wò ó bóyá ó ti ń kọ isolation fault sójú, ìyẹn pé wáyà sólà ti kan irin tàbí ilẹ̀ níbì kan. Bátìrì 48 V tó dá dúró láìkan ibì kankan yàtọ̀: wáyà bíbó kan kì í tó, ó di ìgbà tí èkejì bá dé.

Omi_Òde

Ẹ ṣeun gan-an. Ohun tí wọ́n rí nìyí.

Páìpù tí wọ́n là: inú rẹ̀ ní ìpáàrà tó fẹ́lẹ́, ìta ni ihò ti bẹ̀rẹ̀. Ìta ọ̀hún ní ìpáàrà díẹ̀, ihò wà ní ẹ̀gbẹ́ tó kọjú sí ògiri. pH omi jẹ́ 5.9. Nígbà tí wọ́n pa bíréékà àgbà, iná ara páìpù ṣì jẹ́ 1.6 A, AC ni. Half-cell: ìdí bóhóòlù −0.63 V, àárín −0.55 V, ara ògiri −0.36 V. Ọ̀sán àti òru kò yàtọ̀. Sólà kò ní àléébù, méjèèjì sọ̀ kalẹ̀ sí òdo. Ṣùgbọ́n tí ajórin bá ń jórin, ti ara ògiri máa ń fò lọ sí −0.21 V. Ẹ̀rọ kékeré tuntun ló ń lò, ó sì fi okùn ẹ́ẹ̀tì rẹ̀ há gèèté irin tó rì sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà.

Wáyà_Ìgbó

Ó ti hàn báyìí. Ohun mẹ́ta ló papọ̀, wọn kò sì lágbára bákan náà.

Èyí tó ń ṣiṣẹ́ tọ̀sántòru ni bàbà àti kankéré. Bàbà ọ̀pá ẹ́ẹ̀tì, irin ìpìlẹ̀ ilé àti páìpù galvanised, wáyà ẹ́ẹ̀tì so gbogbo wọn pọ̀, ilẹ̀ tútù sì wà láàárín wọn. Bátìrì ni wọ́n dà yẹn. Iná ń ti ara páìpù jáde sínú ilẹ̀, ó ń lọ bá bàbà àti irin inú kankéré, ó sì ń gba wáyà padà. Ibi tí páìpù ti súnmọ́ wọn jù ni ọ̀nà ti kúrú jù, òun ló fà á tó fi jẹ́ mítà 3 ara ògiri. Òun náà ló fà á tí páìpù tuntun fi yára lu: ó bá páìpù àtijọ́, bàbà àti kankéré níbẹ̀, òun nìkan ni síńkì rẹ̀ ṣì pé, òun ni gbogbo wọn sì dojú kọ. Ilẹ̀ ibẹ̀ kò jẹ̀bi.

Ìkejì ni ajórin. Àwọn ẹ̀rọ kékeré tuntun yẹn, DC ni wọ́n ń mú jáde. Okùn tó há gèèté dípò kó há irin tó ń jó gan-an, iná ní láti gba inú ilẹ̀ kó tó dé ibẹ̀, páìpù yín sì wà lójú ọ̀nà. Ẹ fi pẹ̀lẹ́tù bá a sọ̀rọ̀: kó máa há okùn yẹn sára irin tó ń jó, kó súnmọ́ ojú iṣẹ́, kí irin náà sì wà lórí pákó gbígbẹ. Iṣẹ́ rẹ̀ náà á dáa sí i, torí iná rẹ̀ kò ní máa fò mọ́.

Ìkẹta ni 1.6 A yẹn. Kì í ṣe òun ló ń lu páìpù, ṣùgbọ́n òun ló lè pa èèyàn. Òun ni kí wọ́n kọ́kọ́ tún ṣe, kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan páìpù.

Etídò_Àbígí

Ṣé wọn ò kúkú lè ri magnésíọ̀mù sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kó máa jẹrà dípò páìpù? Ohun tí a ń ṣe nídìí páìpù àti òpó irin lápá ibí nìyẹn. Kílò 7.7 kan, nínú àpò rẹ̀ tó ní jípsọ̀mù 75, bẹ́ńtónáìtì 20 àti sódíọ̀mù sọ́fétì 5 nínú 100, ó jìnnà sí páìpù ní mítà 1.5 sí 3, omi ni wọ́n fi rẹ àpò kí wọ́n tó bò ó.

Wáyà_Ìgbó

Ẹ̀gbọ́n, lọ́dọ̀ yín ó máa ń ṣiṣẹ́ nítorí pé ilẹ̀ tutù. Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò rẹ̀. Ara páìpù mítà 28 yìí fẹ̀ tó nǹkan bíi mítà onígun mẹ́rin 3. Irin ìhòòhò nínú ilẹ̀ máa ń fẹ́ bíi 20 mA fún mítà onígun mẹ́rin kan, ìyẹn 60 mA. Níbi tí ilẹ̀ bá jẹ́ 20 ohm-mítà (ìwọ̀n bí ilẹ̀ ṣe ń dènà iná tó), magnésíọ̀mù kan bẹ́ẹ̀ lè mú bíi 75 mA wá, ó tó. Ṣùgbọ́n níbi tí ilẹ̀ pupa gbígbẹ bá jẹ́ 200 ohm-mítà, kò ní mú ju 7 mA lọ, ẹ máa nílò 8 tàbí 9. Owó ńlá ni. Yàtọ̀ sí èyí, tí páìpù bá ṣì so mọ́ bàbà, bàbà ni magnésíọ̀mù á máa bọ́, á sì tán láìtọ́jọ́.

Ẹni tó bá fẹ́ mọ iye ohm-mítà ilẹ̀ rẹ̀: ọ̀pá mẹ́rin lórí ìlà kan, mítà 1 mítà 1 síra wọn, mítà ẹ́ẹ̀tì oníwáyà mẹ́rin. Ẹ fi 6.28 ṣe ìsọdipúpọ̀ ohm tó bá kà. 30 ohm jẹ́ nǹkan bíi 188 ohm-mítà. Ẹ má ṣe é lásìkò ọyẹ́ nìkan, ilẹ̀ ti gbẹ nígbà yẹn, iye rẹ̀ á ga ju ti ìgbà òjò lọ.

Iná_Ìkẹ́nnẹ́

Èmi náà gbà bẹ́ẹ̀. Fún mítà 28, HDPE dúdú 32 mm ló dára jù, láti ìdí bóhóòlù dé ara ògiri. Ike ni, iná kò lè jẹ ẹ́, omi tó kan kò sì lè jẹ ẹ́. Ẹ jẹ́ kí ibi tó ti pàdé irin wà lókè ilẹ̀, kì í ṣe nínú ilẹ̀, nítorí pé ìsopọ̀ oníbíráàsì tí ẹ bá rì mọ́ irin á tún dá bátìrì kékeré mìíràn sílẹ̀.

Tí owó kò bá tó gbogbo rẹ̀, ẹ fi páìpù ike mítà 2 sí àárín páìpù irin náà lẹ́yìn tí iléeṣẹ́ iná bá ti tún néútírà ṣe, tí clamp sì ka òdo. Omi inú rẹ̀ kò ní ba iṣẹ́ jẹ́: bí omi bá jẹ́ 50 ohm-mítà, mítà 2 rẹ̀ nínú páìpù ínǹṣì 1 tó bíi 200,000 ohm. Apá tó wà lára ilé á ṣì so mọ́ ẹ́ẹ̀tì ilé. Apá tó wà nínú ilẹ̀ á dá dúró, wáyà ẹ́ẹ̀tì kankan kò gbọdọ̀ kàn án mọ́. Tí ẹnu ẹ̀rọ irin kan bá wà ní àgbàlá lórí apá tó dá dúró yìí, kó jìnnà sí irin ilé ní mítà 2.5, kí ẹnì kan má lè na ọwọ́ kan méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà.

Ohun méjì táwọn èèyàn sábà ń gbàgbé lẹ́yìn tí wọ́n bá fi ike sí i. Ọ̀kan, mọ́tò sùmó inú bóhóòlù lè jẹ́ pé páìpù irin yẹn ló ń lò ṣe ẹ́ẹ̀tì. Kí wáyà rẹ̀ ní ẹ́ẹ̀tì tirẹ̀ nínú, kó sì dé ibi ẹ́ẹ̀tì ilé. Èkejì, ọ̀pá ẹ́ẹ̀tì ilé kò ní ìrànlọ́wọ́ páìpù mọ́, nítorí náà ẹ wọn òun nìkan. Pẹ̀lú RCD (bíréékà tó ń já bí iná bá ń jò sílẹ̀) 100 mA, 50 V tí a pín pẹ̀lú 0.1 A jẹ́ 500 ohm, ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kó kọjá 200, torí ọyẹ́ máa gbé e sókè. Tó bá ga ju bẹ́ẹ̀, ẹ fi ọ̀pá kejì kún un, kó jìnnà sí ti àkọ́kọ́ ju gígùn ọ̀pá náà lọ. Tí irin galvanised kankan bá ṣì máa wà nínú ilẹ̀ tó so mọ́ ẹ́ẹ̀tì, ẹ lo ọ̀pá galvanised dípò ti bàbà.

Ọmọ_Mákùn (Ṣágámù)

Ẹ dákun, mo fẹ́ fi tèmi kún un. Páìpù irin ilé kan wà tó dábùú ojú ọ̀nà páìpù epo tó ti Atlas Cove, èbúté epo ní Èkó, wá sí dẹ́pò Mósímì. Kò sí ajórin nítòsí, kò sí sólà, síbẹ̀ ibi tó ti dábùú yẹn ló ti ń lu. Ṣé ó lè jẹ́ láti ọ̀dọ̀ páìpù epo ni?

Wáyà_Ìgbó

Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Páìpù epo ńlá máa ń ní ẹ̀rọ tó ń fi DC dáàbò bò ó. Ẹ̀rọ náà ń da DC sínú ilẹ̀ láti ibi àwọn irin tí wọ́n rì, iná náà ń wọ ara páìpù epo, ó sì ń gba wáyà padà sínú ẹ̀rọ. Tí páìpù ilé bá kọjá nítòsí ibi tí wọ́n rì àwọn irin yẹn, iná á wọ inú rẹ̀ níbẹ̀, á rìn dé ibi tó ti dábùú páìpù epo, á sì jáde níbẹ̀ láti wọ ti wọn. Tiyín ló ń lu, tiwọn ń gbádùn.

Kì í ṣe ohun tí ilé kan lè dá ṣe. Ẹ kọ̀wé sí àwọn tó ni páìpù epo náà pé kí wọ́n wá ṣe àyẹ̀wò papọ̀: wọ́n á máa tan ẹ̀rọ, wọ́n á máa pa á, bíi ìṣẹ́jú àáyá 12 ní títàn àti 3 ní pípa, ẹ̀yin á sì fi half-cell síbi ìdábùú. Tí tiyín bá ń súnmọ́ òdo nígbà tí wọ́n bá tàn án, tó sì ń padà sísàlẹ̀ nígbà tí wọ́n bá pa á, ọ̀rọ̀ ti yanjú. Ẹ má walẹ̀ lójú ọ̀nà wọn láìgbàṣẹ, ẹ má sì fi wáyà so páìpù yín mọ́ tiwọn fúnra yín. Níbi ìdábùú, HDPE ni kó kọjá, mítà 6 lápá kìíní àti mítà 6 lápá kejì ó kéré tán, kí ó má sí irin kankan tí iná lè ti ibẹ̀ jáde.